Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Ni Màmá Wí

Mo ti di ìyàwó ilé! Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi àti Láolú ti fọwọ́ síwèé ní kọ́ọ̀tù, mo pa á mọ́ra, ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi nínú. Ìdí tí mi ò fi pariwo ni pé ìyá ọkọ mi, Tíṣà Tinúadé, tó ti ra gèlè sílẹ̀ de ọjọ́ náà, ti kú. Inú kíláàsì ló kú sí, lọ́sàn-án gangan, nítorí ọgbẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lè dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró.

Òjò ló ṣú. Màmá ní kóun ti wíńdò kan tó ti sán láti èṣí, tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Gíláàsì já lé e lápá, ó gé iṣan. Ó kígbe: "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ ló ń wí. Èyítọ́pẹ́ nìkan ló gbọ́ Yorùbá nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà, ọmọ tí a bí sí Upper Sakponba, ní Bìní níbí; Yorùbá etí ló ní, kò ní ti ẹnu. Ó gbọ́ "ẹ tẹ́ ẹ", bí ìgbà tí a bá ń tẹ́ ẹní. Ó ní, "She say make we spread am!" Wọ́n tú gèlè orí Màmá, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n rọra gbé Màmá lé e, wọ́n dúró yí i ká.

Àpótí ìtọ́jú ńkọ́? Ó wà! Àgbélébùú pupa ara rẹ̀ ń dán. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà iléèwé ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì bá ọ̀gá lọ sí ìpàdé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Láolú ní kí wọ́n ṣí i. Ṣọ́ọ̀kì ló kún inú rẹ̀. Ṣé ṣọ́ọ̀kì la fi ń dí iṣan? Ọ̀gá ní, "Àkókò wọn ló tó, ẹ fi fún Ọlọ́run." Ṣé Ọlọ́run ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ ni?

Obìnrin tó ń ki abẹ́rẹ́ àti òwú sápò kiri, kí bọ́tìnnì ọmọ kankan má baà já láìrí ẹni rán an! Kí ọmọ rẹ̀ tó dẹnu kọ mí ló ti ń pè mí ní "ìyàwó mi". "Bó bá lọ́ra jù," á ní, "èmi ni n ó fẹ́ ọ!"

Èyítọ́pẹ́ kò lọ sí sùkúlù mọ́. Ó bá mi lọ́jà Ekiosa, ó ní, "Aunty, na me kill am?" Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Ìwọ lo gbìyànjú." Ọmọ ọdún méjìlá ló ń ru ẹ̀bi tí àwọn àgbà sọ̀ sílẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró rí? Tíṣà wo ni wọ́n kọ́ níbẹ̀?

Nítorí náà, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni a ó gbé ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wa lọ. Ẹ má ru kúlà oúnjẹ wá. Báńdéèjì ni kí ẹ mú wá. Nọ́ọ̀sì Adéyínká á kọ́ gbogbo wa, látorí ọ̀gá àgbà dórí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, bí a ṣe ń tẹ ojú ọgbẹ́. Kí ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó sì wo ojú Èyítọ́pẹ́, kó sọ ẹni tó jẹ̀bi. Aago mẹ́wàá àárọ̀, Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 2008.