Ibojì Tí Kò Dẹ́rù Ba Ẹnikẹ́ni

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí. Ó dá mi lójú, nítorí pé mo wo aago ọwọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn mi sókè, bí ẹni pé èrò kún iwájú mi. Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn ilé wa ní Ìkọ̀yà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Wọ́n ń mọ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, róbótó, wọ́n ń tò ó sórí pẹpẹ òkè iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì ni. Mo ti kọ iṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí, nítorí pé mo fẹ́ kọ ìtàn kan tí yóò dẹ́rù bani. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn ti ka ìdajì rẹ̀, ó ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ìtàn yẹn nìkan ni mo ní. Bí kò bá dára, a jẹ́ pé òmùgọ̀ ni mí, bí àwọn ará ilé ti ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò nígbà náà. Ó ń tì mí lójú, mo sì fẹ́ kí ìtìjú náà pé. Mo máa ń fi àwọn òǹkọ̀wé wa ṣẹ̀sín. Bí wọ́n bá fẹ́ kẹ́rù bà wá, wọn a kó iwin olórí mẹ́rìndínlógún sínú igbó, iwin a máa bú ramúramù títí yóò fi rẹ òun fúnra rẹ̀. Èmi gbà pé ibi tí ènìyàn wà ló ń dẹ́rù bà á, kì í ṣe ohun tó ń rìn níbẹ̀. Yàrá tó gùn nínú ju bó ṣe gùn níta. Ilẹ̀kùn tó pọ̀ ju yàrá lọ. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi yìí débi pé n kò lè jẹun. Ìdùnnú ni, àmọ́ àyà mi ń já pẹ̀lú, bóyá àyà jíjá ló tilẹ̀ pọ̀ jù.

Mo kà á dé ibi tí ọkùnrin inú ìtàn náà ti ká ẹní nílẹ̀ yàrá tó háyà, tó rí i pé orí ibojì lòun ti ń sùn láti oṣù mẹ́ta. Mo gbé ìwé sílẹ̀. Mo ń retí kí ẹnìkan kígbe.

"Ta ni wọ́n sin síbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"A ò mọ̀ ọ́n, Màmá. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani."

"Ilé onílé ló háyà. Ṣé kì í ṣe bàbá onílé ni? Kí ló wá ń sá fún?"

"Òkú wà nínú yàrá, Màmá!"

"Níbo ló fẹ́ kó wà? Inú igbó, bí ẹni tí kò lọ́mọ?"

Ìyá mi ti ń rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé mi, níbo lo gbé tábìlì tí o fi ń kọ ọ́ sí?"

Orí ibojì bàbá mi ni. Inú yàrá rẹ̀ la sin ín sí, bí a ti ń sin àgbà nínú ìdílé wa, a fi sìmẹ́ńtì dí i. Kò sí ibi tó tutù tó ibẹ̀ nínú ilé. Ojoojúmọ́ ni mò ń na ẹsẹ̀ síbẹ̀, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibojì inú ilé ń dẹ́rù bani. Ẹ̀rù kò bà mí níbẹ̀ rí. Inú ìwé tí mo kà ní yunifásítì ni mo ti yá ẹ̀rù ẹlẹ́rù, mo gbé e wálé, mo sọ pé tèmi ni.

Ojú tì mí, inú sì bí mi, mo wá fi ìgbéraga béèrè pé, "Ó dáa, kí ló ń bà yín lẹ́rù nínú ilé?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní eku ni. Ìyá mi ní tirẹ̀ mẹ́nu ba ilé tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ sí Òkìtìpupa, tó mú un lọ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. (Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ ilé ìwé.)

"Yàrá mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ funfun. Mo wọlé, mo ní ẹ kú ilé o, bí mo ti máa ń kí bàbá rẹ ní ibojì rẹ̀. Ohùn mi lọ, ó padà wá bá mi. Wọn ò tíì sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀." Ó mọ pupuru kan, ó tún tú u ká. "Mo wá rò ó pé, ta ni ilé náà ń dúró dè? Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé inú ń run mí, kó lè gbé mi padà."

Gbogbo irun ara mi dìde, nínú oòrùn, níwájú iná. Ojú ewé méjìlélógójì tí mo kọ kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mo kọ̀wé sí olóòtú pé mo fẹ́ yọ ibojì kúrò, kí n fi ilé tí kò ní ibojì rọ́pò rẹ̀. Èsì dé lánàá. Ó ní ibojì ló dẹ́rù ba òun. Ilé tuntun tí kò sí òkú nínú rẹ̀ kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, irú rẹ̀ lòun ń gbé. Ọ̀gá ńlá! Ilé ń dúró dè é, kò mọ̀. Ó ní bí mo bá yọ ibojì, kí n má wulẹ̀ fi ìtàn náà ránṣẹ́.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí mo bá fi ibojì sílẹ̀, wọn yóò tẹ irọ́ mi jáde, orúkọ mi yóò sì wà lórí rẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, mo kọ òtítọ́, kò sì sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni kí n fi ránṣẹ́?