Ọjọ́ Tí Mo Gbe Orin Ọmọ Mi

Àyà mi ló kọ́kọ́ gbọ́ orin náà kí etí mi tó gbọ́ ọ. Mo fọwọ́ lé àyà, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló dìde. Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó sìn mí wá láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, rẹ́rìn-ín. “Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Jìtá ni.”

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ yunifásítì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ní jáàsì àti fọ́ńkì ni orin náà ń jẹ́. Èmi ò bá jáàsì wá o, Káyọ̀dé ọmọ mi ni mo bá wá. Ìbàdàn ló ti ń fọn fèrè idẹ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú, kò bá a láyé mọ́. Bó ṣe ti fèrè sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ó lé lọ́dún kan tí kò fẹnu kàn án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó wí fún mi pé, “Màámi, bó bá há mi lọ́fun lónìí, mo jáwọ́ nìyẹn.” Mo ti sin ọkọ. Mi ò fẹ́ sin fèrè tó rà fọ́mọ rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ṣì mọ orúkọ gbogbo wọn: Délé nídìí ìlù, Tósìn lórí jìtá, Àbẹ̀kẹ́ nídìí dùùrù. Wọ́n lù ú, ó dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ń jó kí n tó mọ̀. Àfi bí Délé ṣe gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀. Tósìn ká ọwọ́, Àbẹ̀kẹ́ náà dákẹ́. Ó ku Káyọ̀dé nìkan. Ó fọn ún díẹ̀, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

Ha! Wọ́n ti já ọmọ mi jù sílẹ̀!

Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá ń kọ ebè, ẹnì kan ní í lé orin, àwa tó kù á gbè é. Ẹni tí ẹ bá jẹ́ kó dá a kọ, ẹ ti lé e kúrò lóko yín nìyẹn. Àwọn àgbà ní orin tí kò ṣòro í dá kì í ṣòro í gbè, èmi sì rèé, kò sóko tí wọn kì í ti í wá mi fún ègbè. Mo dìde, mo kọrin sí i pé:

“Máa lọ o, à ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ!”

Bọ́sẹ̀ fa ìró mi. “Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn!”

“Èwo ni wọ́n ń ṣe? Ọmọ mi ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú agbo yìí!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé, “Màmá, ẹ tún un ṣe!” Káyọ̀dé gbójú sókè, ó rí mi, mo sì rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó fi fèrè kọ ohun tí mo kọ, gẹ́lẹ́. Mo gbè é. Ó yí i po, mo tún gbè é. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo èrò ló bá mi gbè é, fèrè náà ò sì dá dúró mọ́ títí tí wọ́n fi parí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ńṣe làwọn yòókù ń dákẹ́ kí ẹnì kan lè sọ tinú rẹ̀. Mo gbọ́, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Káyọ̀dé ń fọn fèrè rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń bó iṣu. Orin náà falẹ̀, ó gùn, ó dá wà. Ègbè dé ètè mi. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo panu mọ́, mo jẹ́ kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.