Yanrìn Inú Ìkòkò Irin Mẹ́rin

Inú ife tíì ọ̀gá wa ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́. Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná fún wa. Bí iṣẹ́ bá ti wọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn, iná inú rẹ̀ á máa bú ramúramù, tíì á sì máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ti mú kí irin inú ẹ̀rọ sán lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ní bí kò bá dákẹ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun á pa ẹ̀rọ náà, gbogbo òṣìṣẹ́ á lọ sílé, èmi ni n ó sì ṣáájú wọn.

Èmi tí ìwé ń pa bí ọtí, mo ní kò le. A ti ra ìkòkò irin kékeré mẹ́rin láti òkè òkun, ọlọ́rùn tóóró. Abẹ́ ibi tí iná ti ń jó ni a ó so wọ́n mọ́, kí ẹnu wọn kọjú sókè sí i. Ìró iná á máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ìkòkò, á máa fà á jáde, títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ẹsẹ̀ irin tí wọn yóò fi dúró nìkan ló kù. Mo bá kó wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá wẹ́dà kan ní Èjìgbò, kó bá wa jó ẹsẹ̀ náà mọ́ wọn.

Ó gbé ọ̀kan, ó yẹ inú rẹ̀ wò. “Ẹnjiníà, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Ariwo la fẹ́ fi pa, bàbá.”

Ó mi orí. N kò dúró gbọ́ ohun tó ń rò, mítìn ń dúró dè mí.

Nígbà tí ìkòkò dé ní Ọjọ́rú, àwọn tó ń so wọ́n ní wọ́n ti wúwo jù. Mo ní bí ojúlówó ṣe máa ń wúwo nìyẹn. A tan ẹ̀rọ, ó bú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tíì dà sí ọ̀gá lára. Mo tú ìkòkò kan wò: wọ́n ti jó ẹnu rẹ̀ pa, ó ń dán. Mo lù ú, ó dún gbì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí Èjìgbò. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé ó ti dákẹ́?”

“Bàbá, kí lẹ fi sínú ẹ̀?”

“Yanrìn ni. Òfìfo ni mo bá níbẹ̀. Àgbá òfìfo ní í dún woroworo, ẹ̀yin náà ẹ wá fẹ́ fi òfìfo pa ariwo? Mo bá yín dí i. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe ìyẹn.”

Mo mú ìgò mínírà kan láti fi yé e pé afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó dún. Mo rọ yanrìn kún un, mo tún fẹ́ ẹ, kò dún mọ́. Bàbá fi ọwọ́ di ìhà, ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ rí i fúnra yín. Ó ti dákẹ́.”

Ìwé mi tán síbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni.”

“Ẹ dìde. Tìtorí yín ni n ó fi ṣe é o, kò bọ́gbọ́n mu.” Ó ṣí ẹnu wọn, ó sì da yanrìn náà nù nígbà tí mo ń bẹ ọ̀gá lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a fún ẹ̀rọ ní gbogbo iṣẹ́ tó lè gbé. Tíì ọ̀gá kò mira. Ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń wá bi wá bóyá ẹ̀rọ ti kú. Mo pe bàbá láti fi ìmọ̀ mi yangàn.

“Mo mọ̀ pé á dákẹ́,” ni ó wí. “Mo ṣẹ́ ẹ̀kúnwọ́ yanrìn kan kù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè la ojú sílẹ̀ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Ó yẹ kí n tú wọn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí yanrìn bá wọ inú ẹ̀rọ, a ti gbé. Ṣùgbọ́n yanrìn díẹ̀ lè yí ìró tí ìkòkò ń gbé mì padà, bóyá òun gan-an ló mú un bá ìró ẹ̀rọ wa mu. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. N kò tú wọn.

Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ẹnjiníà tuntun. Mo máa ń ya ìkòkò náà sára pátákó, mo sì máa ń sọ̀rọ̀ gan-an lórí iṣẹ́ tí òfìfo ń ṣe. Bí wọ́n bá ní kí a ṣí ọ̀kan wò, mo máa ń ní ẹ̀rọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ṣì máa ń béèrè àlàáfíà yanrìn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń ní dáadáa ló wà. N kò mọ ẹni tó pa ariwo náà nínú àwa méjèèjì. Ẹ̀rọ nìkan ló mọ̀, kò sì tíì fọhùn láti ọjọ́ náà.