Iná Orí Àpótí

Mi ò sùn lọ, mi ò sì gbàgbé iṣẹ́ mi. Mo rí i tí iná orí àpótí kú, mo wo fóònù, mo sì jókòó jẹ́ẹ́.

Owó epo ti dé nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni bàálù kéékèèké ń kó àwọn òṣìṣẹ́ epo wọ Warri. Inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn pápá tí wọ́n ń balẹ̀ sí ni àpótí náà wà, àpótí rédíò ni, òpó gíga kan sì ń gbé ohùn rẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Nínú bàálù, abẹ́rẹ́ kan máa ń yíjú sí ibi tí ohùn yẹn ti ń wá. Bí ìkùukùu tilẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀, awakọ̀ á máa tẹ̀lé abẹ́rẹ́ náà títí yóò fi rí ojú ọ̀nà tí yóò balẹ̀ sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀, kí n sì máa ṣọ́ iná àpótí. Bó bá kú, kí n fi fóònù pe yàrá rédíò, kí n tan jẹnẹrétọ̀ kejì.

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló wà ní yàrá rédíò. Èmi ni mo mú un wá láti Ìjẹ̀bú, èmi náà ni mo bá a wáṣẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, òun ka ìwé mẹ́wàá. Kò pẹ́ tó fi ń bá àwọn òyìnbó tó ń wa bàálù sọ̀rọ̀ lókè, tí èmi ń rùn fún epo. Wọ́n tún fẹ́ rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i l'Ékòó. Dírẹ́bà kan kì í jẹ́ kí n simi:

"Senior! Your small broda dey talk to plane, you dey talk to diesel!"

Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ nílé tí a jọ ń gbé ní Ekete, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀ o." Ìyẹn gan-an ló ń ta mí lára jù. Ká ní ó ń gbéra ga ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, iná àpótí kú. Rédíò kékeré kan wà níwájú àbúrò mi tó fi ń gbọ́ ohùn àpótí náà. Mo ní lọ́kàn mi pé kó fúnra rẹ̀ mọ̀, ṣebí òun ló mọ̀wé. Kí wọ́n ṣáà bú u lẹ́ẹ̀kan péré ni mo fẹ́.

Mo gbọ́ bàálù níhà Aladja. Ó yẹ kó máa sún mọ́ wa, àmọ́ ìró rẹ̀ ń jìnnà, ó ń lọ síbi tí mànàmáná ti ń kọ. Àbúrò mi ti sọ fún mi rí pé bí ohùn wa bá dákẹ́, mànàmáná lè fa abẹ́rẹ́ náà mọ́ra. Àwọn èèyàn wà nínú bàálù yẹn! Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀ kejì. Nígbà tó yá, ìró náà yípo padà, bàálù sì balẹ̀ nínú òjò.

Ọ̀gá òyìnbó pè wá, ó béèrè ẹni tó jẹ́ kí ohùn àpótí dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi wò mí. Ó mọ̀ pé fóònù òun kò dún. Mo wo ilẹ̀. Wọn ò sì kọ́ ọ nílé pé kó na ìka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àjèjì. Òun ló dáhùn:

"Èmi ni, sà. Mi ò tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa."

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní inú mi ò kọ́kọ́ dùn.

Ẹrù ló ń kó sínú ọkọ̀ ojú omi báyìí l'Ógbe-Ijoh. Bí mo bá kọjá, á sọ ẹrù kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ lórí pákó tútù: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, mo rí i, mo sì tún ń jowú ìyẹn náà.

Èmi ṣì ń ṣọ́ àpótí. Ọ̀gá yẹn ṣì wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò jìnnà sí mi. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ àbúrò mi, tí mi ò tíì sọ níwájú ọkùnrin yẹn: pé mo rí iná náà nígbà tó kú.