N Kò Kọ Omijé Sínú Òfin Ìdíje

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn aṣọ òwú funfun tí irin ìlọṣọ gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, inú a kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro láti sọ. Wọ́n ṣẹ̀ mí. Àwọn oníbàárà ṣẹ̀ mí, àwọn tó ń wo fídíò ṣẹ̀ mí, tàǹtí mi tó jẹ́ àbúrò ìyá mi gan-an ṣẹ̀ mí, ọkùnrin kan tí kò kú sì ṣẹ̀ mí ju gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi kò ní dákẹ́.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ní Parakou. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń polówó ọjà, mo ti gba oyè lísáǹsì, ó sì dá mi lójú pé gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti ń retí mi. Tàǹtí mi, tó ń rán kakí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Plateau, kò retí mi, ṣùgbọ́n ó gbà mí sílé. Ibẹ̀ ni mo ti fi ojú ẹni tó kàwé wo ìlú, tí mo sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí: kò sí ẹni tó ní aṣọ àwọ̀sùn. Àkísà ni gbogbo wọn fi ń sùn. Ìyàwó á sùn nínú ìró tó ti gbó débi pé wọ́n lè fi sẹ́ ògì. Ọkọ á sùn nínú aṣọ ìpolongo ìbò, àwòrán olùdíje tó ti fìdí rẹmi láti ọjọ́ pípẹ́ á máa rẹ́rìn-ín láyà rẹ̀ láti alẹ́ dòwúrọ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún tàǹtí mi bí ẹni tó ṣàwárí kànga epo, ó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní òwe yẹn gan-an ni ìṣòro ìlú yìí.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo yọ ọ́ lẹ́nu, mo ya àwòrán fún un, títí ó fi gbà láti rán ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò tó bá a mu, òwú funfun, etí rẹ̀ aláró. Èmi ni mo yan funfun. Wọ́n ti kọ́ wa pé funfun ń fi ìmọ́tótó han oníbàárà. A rán, a lọ̀, a kó wọn jọ títí òkìtì wọn fi ga ju tàǹtí mi lọ. Kò tà. Oníbàárà á wọlé, á fọwọ́ pa á, á ní ó mà dára o, á wá bi mí pé ta ni yóò rí òun nínú rẹ̀. N kò rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan. Tàǹtí mi fara dà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí jókòó. Ó ní bí òkìtì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣa kajú tán, òun ó padà sídìí kakí òun, èmi náà á sì lọ ṣe kọ́ńkúù, ìdánwò tí ìjọba fi ń gba olùkọ́, bíi ti gbogbo ọmọ tó kàwé. Bí ó bá sì tà, òun ó fún mi ní ìdajì ṣọ́ọ̀bù, òun ó kọ orúkọ mi sójú pátákó ìta kí gbogbo ayé rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo bẹ̀rù kíláàsì tó kún fọ́fọ́ ju bí mo ṣe bẹ̀rù ejò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ìdíje sílẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó bá ra aṣọ náà á ya fídíò kékeré nínú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí mi, èmi á gbé e sójú ìwé ṣọ́ọ̀bù wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí àwọn ènìyàn bá tẹ àtàǹpàkò fún jù ló máa gba mátẹ̀là tuntun, fóòmù tó nípọn, tí a gbé dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá lè máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Tàǹtí mi fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa jó nínú fídíò. Mo bi í léèrè pé ta ló ń fi aṣọ àwọ̀sùn jó. Ó ní ta ló ń fi í sùn?

Mátẹ̀là yẹn mú kí àwọn kan rà á lóòótọ́, fídíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Àgbẹ̀ kan ní Boni wọ tirẹ̀ lọ sábẹ́ igi kajú, ó ń ṣa èso, ó ń yin aṣọ náà pé afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Obìnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ wọ ọ́ pẹ̀lú bàtà gíga àti báàgì lápá, ó dúró ti alùpùpù ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin kan kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́, ó kàn gbé e lé èjìká, ó ń fi àgbò rẹ̀ hàn wá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dùbúlẹ̀. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo kọ̀wé sí olúkúlùkù, mo tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀, mo sì fi òfin tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ ní èdè Faransé àti Yorùbá: lórí ibùsùn, ní ìdùbúlẹ̀, ojú dídì, láìsí ariwo, bí ẹni tó ń sùn. Ìyá onílẹ̀kẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì nìyẹn, kí obìnrin ilé ọkọ máa sùn lójú gbogbo ìlú. Ó ní aṣọ tí wọn kò bá lè fi dúró, kí n wá ẹni tó máa fi dùbúlẹ̀.

Mo rí i. Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà ní àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kọ "ẹ má ṣe tẹ koríko" síbì kan, á yí gba ọ̀nà mìíràn bí koríko ibẹ̀ tilẹ̀ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ra aṣọ náà fún un, ó sì ka òfin mi fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé e ní kíkún. Ìyàwó tẹ́ aṣọ ibùsùn olóòdòdó tó wà fún àlejò, ó ta léèsì sí orí ibùsùn. Ọ̀gá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ rẹ̀ papọ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí àyà, ojú rẹ̀ dì. Ìyàwó mú fóònù, ó rọra rìn láti ibi ẹsẹ̀ dé ibi orí láìfọhùn, nítorí mo ní n kò fẹ́ ariwo. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé wọn ló ń dánra wò lákòókò náà, orin wọn sì wọ inú fídíò. N kò lè dá wọn lẹ́bi, wọn kò sí nínú ìdíje.

Inú mi dùn débi pé mo gbé fídíò náà síta lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún ẹni tí kò bá gbé ọ̀dọ̀ wa rí pé ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tẹ́ àgbàlagbà sórí ibùsùn olóòdòdó nínú aṣọ funfun tuntun, kí wọ́n wá fi fóònù rìn láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí rẹ̀, kí àwọn ará tó wà lọ́nà jíjìn lè rí i. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òkìtì aṣọ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́, fídíò náà gbóná. Iye àwọn tó ń tẹ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ń gòkè bí omi tó ń hó. Ojú mi wà lára iye, kò sí lára ohun tí wọ́n tẹ̀. Mò ń fọkàn kọ pátákó mi lọ́wọ́ nígbà tí tàǹtí mi ti òde wọlé, gèlè lọ́wọ́, tó ń sunkún pé ọ̀gá ti lọ. Mo ní kò lọ síbì kankan, òun ló wà níwájú nínú ìdíje. Mo fi fídíò náà hàn án kí ó lè fọkàn balẹ̀. Ó wò ó, ó sì bú sẹ́kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni mo tó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwòrán ojú ẹkún ni gbogbo rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí a pa pọ̀ bí ti ẹni tó ń gbàdúrà. Kò sí àtàǹpàkò tó tó nǹkan. Àwọn ọmọ tó ti kọ́ nílé-ìwé rẹ̀ ń kọ̀wé láti Cotonou pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Tàǹtí mi wọ́ mi lọ sílé ọ̀gá. Àwọn kan ti ń ta tapólì sí ojúde, àwọn mìíràn ń to àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti gun alùpùpù zẹ́mì wá láti Okpara, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ìyàwó ọ̀gá ń sáré láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, ó ń ṣàlàyé pé ọkọ òun ń jẹun lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń dì í mú, wọ́n ń ní kó jókòó, pé ìbànújẹ́ ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe wọlé ni àbúrò ọ̀gá ọkùnrin dé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn nítorí ààlà oko kajú kan. Ọkùnrin náà na ara rẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, ó fi iwájú orí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "oko yẹn, tiyín ni. Láti ìpilẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ dìde kí ẹ wá gbà á."

Ọ̀gá yọ láti ẹ̀yìnkùlé nínú aṣọ àwọ̀sùn wa, òkèlè iyán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti dìde," ó wí. "Mo gbà á."

Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè, ó wo aṣọ, ó wo iyán, ó wo gbogbo àwọn tó dúró. Ó ní, "Òkú ni mo bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀."

"Òkú náà ti gbọ́," ọ̀gá dáhùn. "Ẹ gbé àga fún un kó jókòó. Iyán ṣì wà."

Ẹ̀rín ìgbà yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé ojú irin rélùwéè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, orí mi ni wọ́n dà á sí. Ẹ̀gbọ́n láti Okpara ní mo pa àbúrò òun lójú gbogbo ayé. Mo mú òfin ìdíje jáde, mo kà á sí wọn létí. Mo tún sọ fún wọn pé ẹni tó bá wo fídíò náà dópin á rí i kedere pé imú ọ̀gá mì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí bóyá wọ́n máa ń wo òkú dé imú. Kò sí ẹni tó dáhùn kókó ọ̀rọ̀ mi, pé mo kọ "bí ẹni tó ń sùn", tí ọ̀gá sì sùn bíi pátákó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò bínú. Ó ti gba oko, ó ti mọ àwọn tó máa sunkún òun, ó sì ti fojú sí àwọn tí kò wá. Ó kàn ní òun ń retí mátẹ̀là òun. Mo kọ̀. Mo ní àtàǹpàkò ni mo kọ sínú òfin, n kò kọ omijé. Tàǹtí mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ọ̀gá ti ru mátẹ̀là náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń wá bí n ó ṣe forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ńkúù nígbà tí ẹ̀gbọ́n láti Okpara wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ìjà ló kù. Ó fọwọ́ pa aṣọ náà, ó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní bí ojú àbúrò òun ṣe mọ́ nínú rẹ̀, òun náà fẹ́ tòun. Kì í ṣe fún alẹ́ ọjọ́ náà o. Ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí de ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ sọ fún ìyálé rẹ̀, àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà oko gbogbo. Wọ́n ń wọn gígùn apá, wọ́n ń béèrè bóyá etí aláró náà máa ń ṣí. Kajú kò tíì tán lórí igi tí òkìtì yẹn fi tán nílẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, tàǹtí mi sọ, ó sì lọ pe akọ̀wé pátákó. Mo ní n kò gbà á. Mo ní aṣọ àwọ̀sùn ni àdéhùn wa, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó fẹ́ fi í sùn.

"Ó tà àbí kò tà?"

"Ó tà, tàǹtí, àmọ́..."

"Gba ibí kọjá," ó wí, "kí o sọ fún akọ̀wé bí o ṣe fẹ́ kí ó kọ orúkọ rẹ."

Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ kíláàsì nìyẹn, tí mo borí nínú ohun tí mo pàdánù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rán wọn. Àwọ̀ ewé wà, àwọ̀ ọsàn wà, àwọn ọ̀dọ́ ń ra díẹ̀, ṣùgbọ́n funfun ni wọ́n ń béèrè. Mo máa ń sọ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan pé kí ó wọ̀ ọ́ sùn. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ̀sùn mi ṣì dúró.

Ìyá mi náà wá ní ọdún tó kọjá. Kò jókòó, ó kàn ní kí n wọn òun. Mo bá a jà, mo ní n kò rán an, ó dúró sójú kan, apá rẹ̀ nínà, títí mo fi mú okùn ìwọnṣọ. Mo fi òwú tó dára jù rán an, mo fọwọ́ gán bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo lọ kí i ní òwúrọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, mo bá a nínú rẹ̀ lórí ibùsùn, aṣọ náà ti rún wómúwómú. Ó ní alaalẹ́ ni òun ń wọ̀ ọ́, nítorí òun kò fẹ́ kí aṣọ tí kò mọ ara òun wà lára òun lọ́jọ́ ìkẹyìn òun.

Oníbàárà mi kan ṣoṣo nìyẹn tó tẹ̀ lé òfin. Ọrùn ẹ̀wù náà ti fà ya lẹ́ẹ̀kan, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Orúnkún ṣòkòtò rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Bí ó bá fi ránṣẹ́ sí mi fún àtúnṣe, mo máa ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo máa ń wo ibi tó ti ń gbó, inú mi a sì máa dùn. Mo fẹ́ kí ó gbó pátápátá. Mo fẹ́ rán òmíràn fún un, kí ìyẹn náà gbó.