Kọ́kọ́rọ́ Tí Àyìnkẹ́ Gbé Lọ sí Kánádà

Nígbà tí Àyìnkẹ́ fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún Ẹ̀bùnlọlá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó bímọ sí Kánádà, òun àti ọkọ rẹ̀ fẹnu kò pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń ṣe. Ẹni tó ń rìnrìn àjò a máa di ẹrù bí ẹni tó jí nǹkan kó, ó dìgbà tó bá gúnlẹ̀ kí ayé tó gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, ọkọ rẹ̀, tí gbogbo Festac ń pè ní Bàbá Ẹ̀bùn, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó ní òun kò bẹ̀rù ayé, òun kàn ń ṣọ́ra ni.

Ohun tí wọn kò fẹnu kò lé lórí ni èsì tí wọ́n máa fọ̀ bí ènìyàn bá béèrè. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì tí àyè Àyìnkẹ́ ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ béèrè rẹ̀. Bàbá Ẹ̀bùn kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Iléṣà ló wà, pé Níyìọlá àbúrò rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Níyìọlá tí à ń wí yìí, ibà lásán kò ṣe é láti ọdún tó kọjá. Ìjọ gbàdúrà fún un. Wọ́n gbé iṣu àti ẹyin wá pé kó bá àwọn fi ránṣẹ́ sí aláìsàn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àrùn Kòrónà gbòde, tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé. Bàbá Ẹ̀bùn jókòó, ó ń fi ẹyin aláìsàn jẹ iṣu aláìsàn.

Nígbà tí ìyẹn tán, ojú rẹ̀ yí sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni Àyìnkẹ́ ń kó gàrí, ẹ̀wà àti epo pamọ́ sí. Àgádágodo ńlá ló fi tì í, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta péré ló ní òun máa lò. Nígbà tí wọ́n ti ojú òfuurufú pa, tí oṣù mẹ́ta di márùn-ún, Bàbá Ẹ̀bùn a máa dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn, á máa ṣépè fún irin. Ó ránṣẹ́ sí Tàjúdéènì, wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Agboju, pé kó wá gé e dànù. Tàjúdéènì ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ọ̀la oníṣẹ́ ọwọ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Àsìkò yẹn ni Ẹ̀bùnlọlá pè.

"Dádì, físà Mọ́mì ti fẹ́ parí, kò sì sí fúláìtì. Mo fẹ́ kọ̀wé kí ìjọba fi ọjọ́ kún un fún wọn, àmọ́ a gbọ́dọ̀ fi hàn pé Mọ́mì ní ilé tí wọ́n máa padà sí. Ẹ ní kí alága àdúgbò kọ létà fún wa."

"Bí ìjọba ò bá wá gbà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé Mọ́mì ti rúfin nìyẹn. Wọ́n lè má rí físà gbà mọ́ láéláé. Bí mo bá tún bímọ, ta ló máa wẹ̀ ẹ́?"

Alága àdúgbò ni Ernest, ọmọ ìjọ wọn tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó sì ń béèrè Níyìọlá lọ́wọ́ Bàbá Ẹ̀bùn láti ẹnu géètì ní àràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó wọ ìbòmú rẹ̀, ó sọdá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni inú rẹ̀ dùn sí ìbòmú, torí ó bo ìdajì ojú.

"Alága, ìyàwó mi ò sí n'Íléṣà. Kánádà ló wà."

Ernest bi í pé, "Níyìọlá ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ le."

"Kò ṣàìsàn rárá?"

"Rárá."

"Mo gbààwẹ̀ fún un o, Bàbá Ẹ̀bùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko."

Ojú ti Bàbá Ẹ̀bùn débi pé ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ernest kò pariwo. Ó ní nígbà tí òun náà lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú n'Íńdíà, Àgbádárìgì lòun sọ pé òun ń lọ. Ó mú ìwé ẹgbẹ́ àdúgbò jáde, ó kọ ọ́ pé ará àdúgbò ni Àyìnkẹ́. Ibẹ̀ ló ti gbé bírò sókè.

"Ó kù kí n kọ ọ́ pé ó máa padà. Mi ò ní kọ ohun tí mi ò mọ̀. Ṣé ó máa padà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ìyá Láídé àdúgbò wa lọ wẹ ọmọ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Kò tíì wẹ̀ ẹ́ tán."

Ẹ̀rù ba Bàbá Ẹ̀bùn. Kò rò ó rí. Ó rántí bí Àyìnkẹ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù láìpẹ́ yìí, àti bó ṣe ní iná kì í lọ níbẹ̀. Ó ní kí Ernest fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó padà sílé, ó pe aya rẹ̀.

"Àyìnkẹ́, ṣé o máa padà wálé? Ernest ló ní kí n bi ọ́."

"Ernest. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ń béèrè. Ilé yìí ti sú mi."

Ohùn ọmọ ọwọ́ ń dún lẹ́yìn Àyìnkẹ́.

"Bàbá Ẹ̀bùn, níbo ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mi wà?"

"Ọwọ́ ẹ ni. Ṣebí òun ló ń fi ebi pa mí."

"Ó wà nínú báàgì mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bùn ní òun á bá mi fi ránṣẹ́ sí Lagos bíi lẹ́tà, mo kọ̀. Ta ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé tí kò ní padà sí dání?"

Bàbá Ẹ̀bùn sọdá padà. "Ẹ kọ ọ́," ló wí. Ernest kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Wọ́n fi oṣù mẹ́fà kún un. Ẹ̀bùnlọlá fò sókè lórí fóònù. Bàbá Ẹ̀bùn dúpẹ́, ó jókòó, ó ń ka oṣù mẹ́fà náà lọ́kàn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Tàjúdéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé, ó béèrè àgádágodo tó fẹ́ gé. Bàbá Ẹ̀bùn mú un dé iwájú ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀.

"Má gé e mọ́. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀, Bàbá?"

"Ó ń bọ̀," ni Bàbá Ẹ̀bùn wí. Ó bu omi fún Tàjúdéènì mu, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Agboju láti lọ ra gàrí.