Oògùn Tí Bàbá Kì Í Lò Lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń hanrun, mo máa ń dákẹ́ láti retí èémí tó kàn. Ọ̀dọ̀ bàbá onílé wa ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kọ́ ọ.

Ọkàn bàbá kò lágbára mọ́. Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń fa omi jáde lára. Bí wọ́n bá lò ó, wọ́n á sùn dáadáa. Bí wọn kò bá lò ó, èémí wọn á máa dúró lójú oorun. Ṣùgbọ́n oògùn náà ń mú wọn tọ̀ lemọ́lemọ́, bàbá ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í lò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í dìde lọ tọ̀," ni bàbá máa ń wí.

Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá á sùn sórí àga ní fàráńdà. Màmá, ìyàwó wọn, á jókòó tì wọ́n. Bí èémí bá dúró, màmá á fi abẹ̀bẹ̀ gbá wọn lórúnkún: "Bàbá, ẹ mí!"

Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìsìn wà lójoojúmọ́. Bàbá kò fẹnu kan oògùn rárá. Màmá kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó, kí ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Èmi? Sẹ́bàá ilẹ̀kùn?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àjíǹde, màmá gbá orúnkún bàbá títí abẹ̀bẹ̀ fi ya.

Níbi ìsìnkú, àlùfáà yin bàbá pé wọn kò dìde rí láàárín ìsìn. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Màmá kò ṣe é.

"Ohun tó pa Bàbá nìyẹn," ni màmá wí fún mi.